Wákàtí Méjì Péré

Ọmọkùnrin tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè Ìlewó
na ìwé iye owó sí wa bí ẹni na ọwọ́ ìkíni.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà.
Àwọn àgbà ìbá pè é ní ogún ọ̀kẹ́,
ó sì wọ̀ mí lọ́rùn bí ẹni pé mo rù ú délé.
Dúróònù wà níbẹ̀, ó ní,
yóò máa rà bàbà lórí wa bí àwòdì,
fídíò, álúbọ́ọ̀mù oníwúrà,
àti ọ̀sán kan gbáko lórí Olúmọ.
Ṣówándé wò mí. Mo wo bàtà Ṣówándé,
ó ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn.
"Ẹ jẹ́ ká lọ rò ó," ni mo wí,
ohun tí èèyàn ń sọ
nígbà tí kò sí ohun tó kù láti rò.

Lálẹ́ a ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọmọ kíláàsì mi kan,
a kọ ìrẹsì, a kọ àga, a kọ owó kóòtù.
Ṣówándé kọ "fọ́tò" sísàlẹ̀ pátápátá,
kò kọ iye sí i.
Ó ní, "Ta ni ò ní fóònù?"
Mo ní, "Gbogbo ilé ló ní abẹ,
ṣé gbogbo ilé ló ní olóolà?"
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí mo mọ fọ́tò kan.
Ó wà nínú àpótí màmá mi ní Ìtòkò.
Bàbá mi ò ní etí ọ̀tún nínú rẹ̀,
ayafọ́tò ti gé e dànù.
Ẹyọ kan ṣoṣo. Fíìmù tán.
Oṣù méje ni wọ́n fi san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
fọ́tò ń ṣe ìwọ̀fà lára ògiri ìsọ̀ ayafọ́tò,
ìgbà tí wọ́n fi máa rà á padà
màmá mi ti lóyún mi,
ìyàwó inú fọ́tò sì tín-ín-rín lójú rẹ̀
bí ọmọ ẹlòmíràn.
Síbẹ̀, lọ́dún tí bàbá mi lọ,
òun la gbé síwájú àwọn èèyàn.
A ò ní òmíràn tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.
A rí Ìbídùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Àdátán,
téèpù dúdú ló fi di igun kámẹ́rà rẹ̀.
"Ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì. Wákàtí méjì péré.
Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, Sátidé wọ́n.
Ẹ jẹ́ kí oòrùn rọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀.
Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí ẹ ò gbọdọ̀ má rí
tí ẹ bá dàgbà."
A kọ mẹ́sàn-án. A pa méjì rẹ́.
A tún dá ọ̀kan padà,
ẹ̀gbọ́n Ṣówándé tí kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ògiri rélùwéè àtijọ́ ní Láfẹ́nwá kì í gba owó ìwọlé.
Àbúrò Ìbídùn na bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun sókè,
apá ń ro ó, ó ń ráhùn,
oòrùn aago márùn-ún sì ta padà sójú wa
láìbéèrè kọ́bọ̀.
Ẹ̀gbọ́n yẹn dé. Ó dúró sí ìpẹ̀kun.
Ìbídùn ní, "Ẹ sún mọ́ ọn, sà,"
ó sún bí ẹsẹ̀ bàtà kan,
iyẹn náà wà nínú fọ́tò.

Mẹ́rìnlá la lè tẹ̀ sórí ìwé,
ìyókù ń retí owó oṣù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí Ìbídùn tó kó kámẹ́rà sápò,
màmá mi di apá rẹ̀ mú:
"Ọmọ mi, etí ọkọ rẹ̀ ńkọ́?
Ṣé méjèèjì wọlé?"
"Méjèèjì, mà."
Màmá mi ní kó gbé e wá.
Ó wò ó, ó fi ìka kà á, ọ̀kan, èjì,
kó tó jẹ́ ká lọ jẹun.