Ojúlé Wa Ló Kọ́kọ́ Pariwo

Ọparun méjì ni bàbá mi so pọ̀,
ó fi wáyà dè é lọ́rùn,
ó gbé áńtẹ́nà àti ìdérí ìkòkò kan lé e lórí,
ó ní kí n dúró lójú fèrèsé kí n máa pariwo:
"Ó ti mọ́! Rárá, ó tún ti dọ̀tí! Ẹ dá a padà sọ́wọ́ Ṣágámù!"
Ìṣarà ni mo wí, nígbà tí ọ̀dà ojú títì wa kò tí ì bó.

Nígbà náà, ẹni tó ní tẹlifíṣàn ló ni wàhálà;
gbogbo àdúgbò ló ni bọ́ọ̀lù.
Ìyá Ṣólẹ́yẹ a gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ láti ilé wá,
àwa ọmọdé a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ wa a wọnú ara wọn bí igi ìdáná,
bàbá mi a máa bá gbogbo wa wí
bí ẹni pé àwa la gbá bọ́ọ̀lù síta.

Lẹ́yìn náà ni abọ́ funfun hù sórí òrùlé bí olú.
Àwọn kan lọ ra bọ́ọ̀lù wa níbi tí a kò mọ̀,
wọ́n tì í mọ́ inú káàdì,
wọ́n ní ká sanwó oṣù kí wọ́n tó ṣí i.
Ṣóbọ̀wálé sọ ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́ rẹ̀ di ilé ìwòran:
igba náírà lẹ́nu ọ̀nà,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó bá jẹ́ ti Orílẹ̀-èdè,
torí, ó ní, ti Orílẹ̀-èdè ló máa ń dun ènìyàn jù.

Mo bi í pé ta ni wọ́n ń pè ní Orílẹ̀-èdè.
Owó orí mi wà nínú bàtà ọmọ tó ń sáré yẹn.
Àwọ̀ ewé tó wọ̀ sọ́rùn, èmi ni mo ń dúró ṣinṣin kí i
lẹ́sẹ̀ òpó àsíá, ní gbogbo àárọ̀ Ajé, tí ebi ń pa mí.
Ìyá ọmọ ha ń sanwó ìran
kó tó rí ọmọ rẹ̀ lójú agbo?
Ṣóbọ̀wálé ní kí n mú owó wá
tàbí kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ìjọba wáá sọ̀rọ̀ lórí rédíò.
Wọ́n ní òfin ti dé:
ìdíje tí orúkọ gbogbo wa bá wà níbẹ̀,
afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀.
Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
kò sọ nǹkan kan.
Ó wá àkàbà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwòrán wa dà bí ẹni tí òjò ń pa,
agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń sáré tòun ti òjìji rẹ̀,
ṣùgbọ́n a rí i. A rí i bí bọ́ọ̀lù ṣe yọ́ gba abẹ́ apá aṣọ́lé.
Ariwo wa sọdá títì.
Ìgbà náà la ṣàkíyèsí pé ilé Ṣóbọ̀wálé dákẹ́ rọ́rọ́.
Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún,
kí àwọn náà tó bú jáde.

Àṣé bọ́ọ̀lù olówó ń gòkè lọ kí irin kan lójú sánmà
kó tó rántí Ìṣarà;
ti ọ̀fẹ́ gba àbùjá, ó wọlé tọ̀ wá.

Nígbà tí eré dé ìdajì, Ṣóbọ̀wálé sọdá, òógùn bò ó.
"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Onáfúwà, ẹ máa rọra pariwo.
Ẹ ń já góòlù gbà lẹ́nu àwọn oníbàárà mi.
Wọ́n ti ń béèrè owó wọn."
"Jókòó," ni bàbá mi wí.
Àpótí Ìyá Ṣólẹ́yẹ ṣófo láti ọjọ́ tó ti kú.
Ó jókòó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdíje tó tẹ̀lé e, eérú ló kún ojú tẹlifíṣàn.
Wọ́n ní ìjíròrò ṣì ń lọ láàárín ìjọba àti àwọn tó ra bọ́ọ̀lù.
Òfin náà wà, wọ́n ní, ó wà nínú ìwé.
Ìwé kò ní ọparun.

Bàbá mi kò sọ áńtẹ́nà kalẹ̀.
Bí atẹ́gùn bá yí i, a tún gun àkàbà,
èmi náà a dúró lójú fèrèsé,
ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mò ń pariwo:
"Kò tí ì mọ́, Bàbá. Kò tí ì mọ́."