Irúgbìn Kẹtàdínlógún

Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹjọ, ní Họ́ọ̀lù,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú mi
gba àtíkè lẹ́nu fèrè áńgẹ́lì Dọ́rínì, aláwọ̀ ìyeyè,
mo fi pa tèmi tó pupa.
Mo so òwú mọ́ ọn lọ́rùn,
kí oyin kankan má baà ṣe alárinà lẹ́yìn mi.

Oyún oṣù márùn-ún.
Mo rẹ irúgbìn sómi, mo bó èèpo wọn tó dà bí ìdérí ìgò,
mo tò wọ́n sórí hítà.
Bánkọ́lé ní: "Èmi wọ súwẹ́tà méjì, òdòdó ń yáná!"
N ò dá a lóhùn. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì:
májèlé ni wọ́n, láti gbòǹgbò dé orí.

Ogún hù. Òtútù pa mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà.
Ọdún méjì, ewé ṣáá.

Àná ni ìkẹtàdínlógún la ẹnu,
ó dorí kodò bí ọmọ tí a bá wí.
Kò pupa, kò ní àwọ̀ ìyeyè.
Funfun báláú.
Dọ́rínì gun àga, ó yọjú látorí ògiri:
"Ta ló jọ?"
Mo ní ká dúró dalẹ́,
bóyá òórùn rẹ̀ á jẹ́wọ́.