Ta Ló Rán Ọ?

Ọjọ́ kejì tí ìjì ṣí páànù ilé Màmá Efúnkóyà,
mo gbé àkàbà, mo gbé òòlù, mo gbé ìṣó onífìlà.
N kò gbé Bíbélì. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́.
Gẹdú ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó;
igi ni mo mọ̀, n ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ.

Lókè àjà, lọ́gangan ibi tí òjò ti ń wá bá ìyá lórí ẹní,
mo bá ìwé pélébé mẹ́ta tí wọ́n ká roboto,
tí wọ́n fi dí ihò.
"Jésù Ń Bọ̀" ni wọ́n kọ sára wọn gàdàgbà.
Omi ti jẹ "Jésù."
Ó ku "Ń Bọ̀."

Mo mọ ẹni tó pín in.
Ṣówẹ̀mímọ́ ni, olórí ẹgbẹ́ ajíhìnrere wa,
ẹni tí gbohùngbohùn rẹ̀ ń jí àkùkọ
kí àkùkọ tó jí wa.
Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ,
ó ti ròyìn adágún iná, ó ti ròyìn odò ìyè,
kò gbójú sókè wo omi tó ń kán.

Mo rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín ẹni tó rò pé òun ti yege ni mo rín.
Mo ní, "Ìwé kì í dí páànù o, Ṣówẹ̀mímọ́,"
mo sì kan ìṣó mọ́ ọn: gbàà, gbàà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún ìlẹ̀kùn ṣe.
Lẹ́yìn ìyẹn mo gbẹ́ àpótí kékeré kan fún un
sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada tó fi ń yan gàrí,
kí ìbàdí ẹni àádọ́rin ọdún lè rí nǹkan sinmi lé.
N kò gba kọ́bọ̀.
Àwo ìkọ́kọrẹ́ kan péré ni mo gbà,
ewùrà rẹ̀ kúnná, ẹja rẹ̀ ń rùn sí èéfín,
mo ń lá ìka lọ́wọ́ ni ó bi mí:

"Ọmọ Kúyọ̀rọ̀, ta ló rán ọ?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá."

Ó gbé igbá ìro-gàrí sílẹ̀.
"Láti ọdún tí baba wọn ti kú ni mo ti ń sọ ọ́ lóru
pé bí ẹnìkan bá wà lókè, kó rán ẹnìkan sí mi.
Mo rò pé ìwọ ni.
Bí kò bá sẹ́ni tó rán ọ,
a jẹ́ pé ògiri ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀."

Ìkọ́kọrẹ́ há mi lọ́fun.
Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù.
Èmi jẹ́ iṣẹ́ náà tán porogodo,
mo gbé orúkọ ẹni tó rán mi mì.

Mo lọ bá Ṣówẹ̀mímọ́ nílé. Omi gbígbóná ló ń mu,
ohùn rẹ̀ ti há. Mo rò fún un, ti ìwé, ti ihò,
ti ìbéèrè tí mo sá fún.
Kò bínú. Ó kàn bi mí pé,
"Ṣé ó ń jò sí orí ẹní gan-an?"
Ó wolẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní Sátidé, òun ló di àkàbà mú.
Òkè máa ń kọ́ ọ lóòyì; ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
àkàbà ń gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n.
Gbohùngbohùn wà nílé.
Màmá jáde, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú,
ó tún un bi, bí ẹni tí kò bí i rí:
"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló rán yín?"

Ṣówẹ̀mímọ́ gbójú sókè wò mí. Kò sọ nǹkan kan.
Ìṣó mẹ́rin wà láàrin eyín mi.
Mo tu wọ́n sọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ní, "Jésù ni, Màmá."
Lẹ́yìn náà n kò mọ ohun tí wọ́n tún ń sọ mọ́ ọn.
Mo ní, "Ó mọ igi.
Káfíńtà ni òun náà."