Ẹ̀ẹ̀kẹjọ

Ẹ̀yìn ìwé owó iná ni mo kọ ọ́ sí:
ijó àkọ́kọ́, èyí tí ọmọdé lè jó;
ijó kejì, onígun mẹ́rin, kí orúnkún lè gbóná;
ìsinmi, ẹ̀pà àti omi tútù.
Lẹ́yìn náà, ìlà gígùn.

Mísìsì tó kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kì í pè é ní ijó.
"Eré ìdárayá" ló kọ sínú ìwé fún àwọn díákónì.
Ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún, lábẹ́ igi máńgòrò,
àwa ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún
di ọwọ́ ara wa mú bí ẹni tó ń sá fún òjò.
Àwọn díákónì wá wò ó. Eré ìdárayá ni wọ́n rí.
Ọ̀kan nínú wọn ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, kò mọ̀.

Ohun tó fi yé mi kò ju èyí lọ:
jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ fi èémí kan ṣáájú ẹsẹ̀ wọn.
Bó bá yá jù, wọn á ṣubú lé ara wọn;
bó bá pẹ́, wọn á dúró máa wò ọ́
bí adìẹ tí òjò ká mọ́ ìta.

Méjì-méjì, ọ̀nà méjìlá.
Oyèníran àti ìyàwó rẹ̀, orí ìlà.
Àyọ̀ká àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú Gbóyèga oníwáyà,
ìsàlẹ̀ pátápátá.
Bí ijó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹni òkè á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀,
ẹni ìsàlẹ̀ á gòkè.
Mo to kóró kaṣú yíyan sórí tábìlì, mo ń tì wọ́n.
Lẹ́ẹ̀kẹfà, wọ́n pàdé.

Ọdún mẹ́sàn-án tí wọn ò ti kí ara wọn,
nítorí páànù ilé bàbá wọn ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n:
ta ló ṣí i, ta ló tà á.
Èmi kì í ṣe onílàjà.
Mo kàn fẹ́ sọ pé, "Ẹ di aládùúgbò yín mú, ẹ yí po."
Ijó ló ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá Músítàfá oní-gòjé ní Sábó.
Mo ní, ẹ̀ẹ̀meje ni kó o yí i.
Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè bíi lékèélékèé, parí ẹ.
Ó ní, kí ló dé tó fi jẹ́ méje?
Mo ní, orúnkún àgbà ni.

Ìlà ti tò, ọrun gòjé ti kan okùn,
ni dókítà eléyín àti ìyàwó rẹ̀ bá wọlé láti Ìlọrin,
bàtà wọn ń kọ mànà.
Ẹni ńlá kì í tò sẹ́yìn:
orí ìlà ni wọ́n lọ dúró sí.
Gbogbo kaṣú mi dàrú.

Ẹ tẹríba. Mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ di ọwọ́ mú.
Mo ń pè lẹ́nu, mo ń ṣírò nínú.
Oyèníran tó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ gòkè,
ó dúró lásán lókè, ó ń nu òógùn,
kó tó rọ́nà padà.
Láti ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ẹnu mi ti dákẹ́;
ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n.
Lẹ́ẹ̀kẹfà, èèyàn mẹ́jọ ṣì wà láàárín wọn.
Lẹ́ẹ̀keje, ó ku mẹ́rin.

Músítàfá wo ojú mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi.
Mo fi méjèèjì kanlẹ̀ bí òpó.
Ó mi orí, ó tún un yí.

Ọwọ́ bàbá wọn ló pàdé ọwọ́ bàbá wọn,
ìka kékeré tó tẹ̀ yẹn, lọ́tùn-ún àti lósì.
Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀.
Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ijó ò ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín.
Mi ò rí ẹni tó kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹnìkejì.
Ijó gbé wọn kọjá, bó ṣe ń gbé gbogbo èèyàn,
mo sì gbé ẹsẹ̀ sókè.

Nígbà tí mo délé, ebi ń pa mí.
Mo jókòó sí tábìlì,
mo sì jẹ kaṣú náà tán, lọ́kọ̀ọ̀kan,
láti orí ìlà wá sí ìsàlẹ̀.