Láti Apá Ọ̀tún

Ọjọ́ tí Nuala Gilhooly fà á wọ ọgbà wa ní Leitrim,
omi inú garawa ti dì gbagidi.
Abo ẹṣin aláwọ̀ eérú, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà
bí igi àjà ilé tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ.
Okùn ti jẹ ọrùn rẹ̀ wọnú ẹran.
Ẹni tó so ó mọ́ géètì lẹ́bàá àbàtà
kò fi orúkọ sílẹ̀, kò fi koríko sílẹ̀.

Bàbá mi gbé pátákò rẹ̀ wò; ó ti gùn, ó ti ká sókè.
Irin ni bàbá mi ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin láti ogójì ọdún,
n kò sì rántí gbólóhùn mẹ́wàá tó bá mi sọ.
Àwọn kan ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀.
Nílé tiwa, ìdákẹ́ lẹṣin ọ̀rọ̀,
òun náà la máa ń gùn lọ síbi ìsìnkú.

Ó ní, "Yóò kú kí ọjọ́ Àìkú tó dé."
Ọjọ́ Àìkú dé, ẹṣin jẹ ọkà garawa kan tán,
ó sì bù mí jẹ léjìká.
Mo sọ ọ́ ní Mónóg, èso pupa kékeré inú àbàtà,
tó máa ń kan kó tó dùn.

Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́. A kò tètè mọ̀.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gba ẹ̀gbẹ́ náà wọlé,
mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀.
Nígbà tí mo lajú, inú ẹrẹ̀ ni mo wà,
eyín mi kan wà lọ́wọ́ mi.
Mo kígbe pé ọ̀dájú ni, ẹranko aláìmoore!
Bàbá mi gbé mi dìde.
"Òun kọ́ ló ṣe ọ́. Ìwọ lo dé bí olè.
Gba apá ọ̀tún. Sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án."
Gbólóhùn mẹ́rin. Mo kà wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ̀rọ̀ wọlé.
Èmi ni o, Mónóg. Garawa rèé. Òjò ń bọ̀ láti orí òkè.
Mo sọ iye tí wọ́n ń ta koríko gbígbẹ,
mo sọ orúkọ ọmọbìnrin tí kò fẹ́ mi,
mo sọ ohun tí n kò lè sọ lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi.
Etí rẹ̀ kan á yí sí mi, ìkejì á máa ṣọ́ ọ̀nà.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ ohùn nínú ilé ẹṣin,
mo rò pé àlejò ni.
Bàbá mi ni. Ó fi iwájú orí ti ojú àpá okùn,
ó ń ròyìn fún un bí ìyá mi ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.
Mo yọ́ kẹ́lẹ́ padà. N kò bi í léèrè rí.

Ọdún mọ́kànlá ló lò. Kò gba gàárì lẹ́ẹ̀kan.
Nuala ní, kí la wá rí gbà lórí ẹṣin tí a kò lè gùn?
Bàbá mi wò ó, kò fèsì.
Lóṣù kẹta, ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ògiri òkúta
níbi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń dé, kò dìde mọ́.
Gọ̀gọ̀ rẹ̀ díẹ̀ há sára wáyà;
àwọn ẹyẹ já a lọ, wọ́n fi ṣe ìtẹ́.

Nígbà tí ewé ń rẹ̀ lọ́dún náà, àrùn rọpá-rọsẹ̀ dá bàbá mi wó.
Apá òsì rẹ̀ kú, ojú òsì kò ríran mọ́.
Àwọn nọ́ọ̀sì ní Sligo ń gba ẹ̀gbẹ́ yẹn wọlé,
wọ́n ń fa aṣọ lára rẹ̀ lójijì,
òun náà ń ju ọwọ́ tó kù.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé oníjàgídíjàgan ni.

Mo gbé àga yípo sí apá ọ̀tún.
"Èmi ni o," mo ní. "Tíì rèé. Òjò ń bọ̀ láti orí òkè."
Ó yí orí, díẹ̀díẹ̀.
Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde,
ṣùgbọ́n ó na ìka kan sí àlàfo eyín mi,
ó sì rẹ́rìn-ín.