Omi Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀ nìkan lomi ń gun òkè Káráákì wá bá wa.
Láago mẹ́ta òru ni páìpù á kọ́kọ́ wúkọ́,
á tu afẹ́fẹ́, á tu ìpẹtà,
kó tó máa ṣàn lọ sínú táǹkì tó wà lórí òrùlé.
Ìyá ọkọ mi, Núsíhà, kì í sùn lóru ọjọ́ náà.
Á jókòó sórí àtẹ̀gùn, ìborùn lọ́rùn,
á máa gbọ́ bí táǹkì ṣe ń kún
bí ẹni tó ń gbọ́ mímí ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, mo ṣí ẹ̀rọ,
mo ń jẹ́ kí omi tútù lọ, kí gbígbóná lè dé.
Kò bú mi. Kò tilẹ̀ wojú mi.
Ó gbé ìkòkò kọ́fí wá, ó fi gba omi náà,
ó gbé e kaná, ó ní:
“Ìyàwó, jẹ́ ká jọ mu ohun tí o fẹ́ dà nù.”
Kọ́fí yẹn ṣì korò lẹ́nu mi dòní.

Ní báyìí, mo ti mọ ọ̀nà tí omi ń tọ̀ nínú ilé yìí.
Èyí tó ṣan ìrẹsì ló ń bọ́ erùpẹ̀ lára kárọ́ọ̀tì;
tó bá ti pọ́n bí amọ̀, ó di ti igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹnu ọ̀nà.
Omi tí a fi se ẹ̀wà kì í kúrò nínú ìkòkò:
inú rẹ̀ ni lẹ́ńtìlì ń bọ́ sí,
pẹ̀lú kúmínì, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí a dín
títí ó fi dúdú bí irùngbọ̀n bàbá ọkọ mi nínú fọ́tò.
Ìgbá ni a kì í da omi sí rárá.
Iyọ̀ la ń bù wọ́n ọn, a ó sì fi í sílẹ̀ kó máa sunkún,
Núsíhà á máa wo ẹkún náà
bíi kó gbé ife sí i lábẹ́.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá.
Òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù:
àwọn ilé ìtura ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún,
níbi tí àlejò ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán gangan,
kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀.

Lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, Ọjọ́bọ̀ dé, omi ò bá a dé.
Òmíràn tún dé, òfo.
Mo gun òrùlé, mo fi ìka kan táǹkì, ó dún gbọ̀n-ùn.
Garawa mẹ́ta ló kù lábẹ́ tábìlì,
aṣọ funfun lórí wọn bí ìyàwó tí a ò tíì ṣíjú ẹ̀.
A jẹ búrẹ́dì àná pẹ̀lú wàrà dídì,
a fi omi ara tòmátì se tòmátì,
inú abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti jẹ ẹ́,
búrẹ́dì la fi nu abọ́ náà títí ó fi dán.

Ìgbà náà ni Rùdéínà ilé kejì kan ilẹ̀kùn.
Ọmọ rẹ̀ ti ń bì láti àná.
Kò tọrọ ohunkóhun; ó kàn dúró,
ó fi ìkòkò kékeré kan pamọ́ sẹ́yìn.
Núsíhà dìde. Mo rò pé ife ló fẹ́ mú.
Garawa ló gbé, èyí tó kún jù lọ,
ó ń sáré, omi ń ta sílẹ̀ lórí táìlì,
kò wẹ̀yìn.

Èmi ni mo kúnlẹ̀, mo fi àkísà fa gbogbo rẹ̀,
mo sì fún un sídìí ọ̀pọ̀tọ́.

Lálẹ́, nínú òkùnkùn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì:
“Ìyàwó, ṣé o fún àkísà yẹn dáadáa?”
Mo ní, “Mo fún un, ìyá.”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Lọ tún un fún.”