Mi Ò Tíì Mọ̀ Ọ́n

Ọrùn-ọwọ́ òsì ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ okùn aago.
Ó tó ojú ẹ̀wà kan, kò dùn mí, kò yún mi.
Mo ní aago ni. Mo bọ́ aago sínú dúrọ́ọ̀.
Kí oṣù Keje tó parí, ó ti ń gun apá bọ̀ wá sókè,
ó pupa létí, ó funfun láàárín,
bí ògiri tí òjò ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀.

Ní Ìsánlú, bí nǹkan bá ṣe ọ́,
gbogbo ènìyàn ni nọ́ọ̀sì.
Ìyàwó àbúrò mi ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti imí-ọjọ́.
Mésẹ̀kọ́ oníkẹ́míìsì wò ó láti ẹ̀yìn káńtà,
ó ní làpálàpá ni, ó ta ìpara fún mi.
Mo fi ra á fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Kò dáhùn orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.
Alàgbà kan ní kí n yẹ ọkàn mi wò.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí gbèsè iyọ̀
tí mo jẹ Ìyá Ọbáyọ̀mí láti ọdún tó kọjá.
Mo san án. Apá mi kò yí padà.

Ohun tó dùn mí kì í ṣe ara.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní ká bọ ara wa lọ́wọ́,
àwọn ará ìjókòó mi kàn tẹrí ba:
“Okun o, Tíṣà! Okun o!”
Ìkíni wa dára,
ó lè rìn jìnnà láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.
Nílé, ẹnìkan fi òwú pupa so etí kọ́ọ̀bù mi.
N kò béèrè ẹni tó so ó.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀gbẹ̀,
aṣọ alápá gígùn lọ́rùn mi nínú ooru.
Káàdì mi jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Lórí bẹ́ǹṣì, oníkálukú ń wá ohun tí ẹnì kejì fi pamọ́.
Bàbá kan fi fìlà bo orúnkún.
Obìnrin kan tú gèlè, ó fi etí rẹ̀ hàn mí
bí ẹni ń fi aṣọ tuntun han ọ̀rẹ́.
Mo ká apá aṣọ sókè.
A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, títí nọ́ọ̀sì fi wò wá.

Dókítà Onimisi kéré sí àbígbẹ̀yìn mi.
Ó fa àga sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ náà mú.
Kò wọ ìbọ̀wọ́.
N kò gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́.
Ó tún un bi: ṣé mo máa ń yan kajú?
Ta ni kì í yan kajú ní Yàgbà?
Oje rẹ̀ ti jó mi rí, mo mọ ojú rẹ̀,
òjò ni èyí bá dé.
Ọṣẹ wo? Oògùn wo? Ta ló tún ní in nílé?
Ó ní kí n dijú, ó fi fọ́nrán òwú kàn án.
“Ẹ mọ̀ ọ́n lára?” Mo mọ̀ ọ́n.
“Níbí ńkọ́?” Mo mọ̀ ọ́n níbẹ̀ náà.
Mo gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀,
mo sì mọ orúkọ tó ti ń bà á lẹ́rù,
èyí tí a kì í pè níwájú ọmọdé.

Ó wo apá náà pẹ́.
“Mà,” ó ní, “mi ò tíì mọ̀ ọ́n.”

Oṣù mẹ́ta gbáko! Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.
Òun nìkan ni kò mọ̀, ara sì tù mí.

Ó gé ẹran ara mi tó hóró ọkà bàbà,
ó fi sínú ìgò, ó kọ orúkọ mi gbágungbàgun sí i.
Ó di Ìlọrin, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
“Ẹ má fi ohunkóhun ra á mọ́.”

Mo dé ilé, mo tú òwú pupa kúrò létí kọ́ọ̀bù,
mo fi so káàdì ọsibítù mọ́ ìṣó,
kí ọjọ́ tí wọ́n dá má baà bọ́.
Lálẹ́ àná, ó kọjá ìgbọ̀nwọ́.